Mi ò tẹ PLB náà, ọ̀rẹ́ mi ò sì gbé ìpè mi mọ́: ṣé mo jẹ̀bi?

Bàbá_Ìdí_Àbá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i. Ẹ má wo ojú mi o. Ẹni tó bá rí i pé mo jẹ̀bi kó sọ ọ́.

Mo ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì, tíṣà kan tóun náà ti fẹ̀yìntì àti ọ̀kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, la jọ dáwó ra ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, fáíbà, ẹsẹ̀ bàtà 14, àlòkù láti Ẹ̀pẹ́. Ẹ́ńjìnì ẹ̀yìn rẹ̀ ò ju agbára ẹṣin 5 lọ. A kì í ṣe apẹja. Fàájì lásán ni. Bó bá di Sátidé, a óò gba ọ̀nà Ọ̀pẹ́jì lọ sí adágún Dáàmù Ọ̀yán, a ó ju ìwọ̀ sómi, a ó ja ìjà òṣèlú, a ó sì mú epìyà mẹ́ta mẹ́rin bọ̀ wálé, kí àwọn ìyàwó wa lè fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó epo tá a jó ju owó ẹja lọ.

Ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Southampton ló fi nǹkan kan ránṣẹ́ sí mi nígbà Kérésì. PLB ni wọ́n ń pè é. Kò tóbi ju fóònù onítọ́ọ̀ṣì ayé ọjọ́sí lọ. Bí ewu bá dé, èèyàn á fa eriali rẹ̀ síta, á tẹ bọ́tìnnì mọ́lẹ̀, sátẹ́láìtì á gbé e fún àwọn adóòlà pé ẹni kan wà nínú ewu níbi báyìí. Ọmọ náà ní ó lé ní £200. Ó ní, "Dádì, ẹ má wọ omi láìso ó mọ́rùn." Mo ń so ó mọ́rùn.

Sátidé tí mò ń wí yìí, aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ti lù, a ti ń padà bọ̀. Oníàdìrẹ ló ń wa ọkọ̀. Omi ti fà. Ṣàdédé la gbọ́ gbì! Kùkùté igi lábẹ́ omi ni. Ọdún 1983 ni wọ́n ti ṣí dáàmù yẹn, àmọ́ àwọn igi tí omi bò mọ́lẹ̀ nígbà náà, ó dà bíi pé wọn ò gbọ́ pé ó yẹ káwọn ti jẹrà. Ẹ́ńjìnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Píìnì tó so fáánù mọ́ ọ̀pá rẹ̀ ló já. Píìnì yẹn ò gùn tó ìka ọmọńdinrín mi. A ò ní òmíràn. Ẹ má bi mí pé kí ló dé. A gbé kúlà láfún àti ewédú dání, a gbé rédíò, a gbé agboòrùn, a ò gbé píìnì. Àjẹ̀ kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti là tipẹ́. Atẹ́gùn wá ń gbá wa lọ díẹ̀díẹ̀ sí etí koríko lódìkejì, níbi tí kò sí ilé, tí kò sí ọ̀nà. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù ń yọjú, ó ń sá.

Ibẹ̀ ni tíṣà ti ní, "Tẹ nǹkan ọmọ ẹ yẹn." Mo ní rárá. Mo ní omi ò wọ ọkọ̀, kò sẹ́ni tó fara pa, oòrùn ṣì wà lókè. Ìwé tó bá a wá sọ ọ́ kedere pé ìgbà tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu nìkan ni kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n wá torí píìnì tí kò tó nǹkan dìde, kí ni kí n wá sọ fún wọn? Ó dákẹ́. Nígbà tó di aago mẹ́fà, ó tún un sọ. Nígbà tó di aago méje, ilẹ̀ ti ṣú, mànàmáná ti ń kọ lápá ìlà oòrùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo fọwọ́ bo nǹkan náà láyà bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já owó gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan wà tí mi ò kọ́kọ́ fẹ́ kọ síbí. Àwa mẹ́ta, láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjì ló wà lára wa. Tíṣà ò wọ tiẹ̀, ó fi jókòó ni. Ó ti lé lọ́dún kan tó ti ń fi jókòó, torí ó ní pákó ìjókòó ọkọ̀ le jù fún ìdí òun. Fóòmù inú rẹ̀ ti tẹ́ pẹlẹbẹ bí àkàrà tí ọmọdé jókòó lé.

Aago mẹ́jọ àbọ̀ ti kọjá kí apẹja kan tó ń lọ dẹ àwọ̀n òru tó rí tọ́ọ̀ṣì wa. Ó fi okùn fà wá dé èbúté. Kò gba kọ́bọ̀. Ó kàn bú wa, ó bú wa dáadáa. Bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ni òjò bẹ̀rẹ̀. Nínú mọ́tò, tíṣà ò sọ nǹkan kan títí a fi dé Ìbẹ̀rẹ̀kòdó. Ìgbà yẹn ló wá ní, "Òfin inú ìwé kékeré yẹn, o fẹ́ràn ẹ̀ jù mí lọ." Látìgbà náà, bí mo bá pè é, yóò dún títí yóò fi já.

Ìbéèrè mi méjì rèé. Ṣé mo jẹ̀bi? Èkejì: ìlú Òyìnbó ni wọ́n ti ra nǹkan yìí. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́ ní Ọ̀yán, ṣé ẹnikẹ́ni á tilẹ̀ gbọ́?

Ọmọ_Lísàbi

Bàbá, láfún wà ńbẹ̀, ewédú wà ńbẹ̀, ewu wo ló tún kù? Ẹ má bínú, ẹ̀rín ló ń pa mí. Ní tèmi, ẹ jàre. Bó bá jẹ́ gbogbo ẹni tí ẹ́ńjìnì ẹ̀ bá kú la ó máa pe sátẹ́láìtì fún, ọlọ́kadà Pánṣẹ́kẹ́ nìkan á jẹ ẹ́ tán.

Ohun tó dùn mọ́ mi nínú gbogbo ìtàn yìí ni pé kò sẹ́ni tó bọ́ sómi láti máa ti ọkọ̀. Omi Ọ̀yán yẹn, ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ wà nínú ẹ̀. Kòkòrò rẹ̀ máa ń ti inú ìgbín omi jáde, á gba awọ ara èèyàn wọlé, àwọn ọmọ tó ń gbé etí dáàmù mọ ohun tí mò ń wí. Ẹ jókòó sínú ọkọ̀ yín jẹ́jẹ́.

Màkóní_Àgbà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu o. Iṣẹ́ rédíò ni mo ṣe nínú ọkọ̀ òkun fún ọdún 22 kí n tó wá jókòó sí Ìbarà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n fi ìbéèrè kejì ṣáájú.

Wọ́n á gbọ́. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, yóò máa ju ọ̀rọ̀ kúkúrú sókè lórí ìgbì rédíò 406 MHz, bíi ìṣẹ́jú-àáyá 50 síra wọn. Sátẹ́láìtì á gbé e, á jù ú sí ibùdó ilẹ̀. Cospas-Sarsat ni wọ́n ń pe ètò náà. Amẹ́ríkà, Kánádà, Faransé àti Soviet ló pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1979, nígbà tí Amẹ́ríkà àti Soviet ń wo ara wọn bí ológbò àti ajá, síbẹ̀ ní 1982 ni wọ́n ti fi gba ẹ̀mí àkọ́kọ́ là. Nàìjíríà ní ibùdó tirẹ̀ ní Àbújá, lọ́dọ̀ NEMA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì.

Ibi tó yẹ kí ẹ tẹ́tí sí rèé. Nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ yín ń jù sókè, nọ́ńbà orílẹ̀-èdè wà níbẹ̀. Ti Nàìjíríà ni 657. Ti ìlú Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ láti 232 títí dé 235, ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí ló sì máa wà nínú tiyín. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ ní Ọ̀yán. Àbújá á gbọ́ torí pé agbègbè wọn ni ẹ wà. Ìlú Òyìnbó náà á gbọ́ torí pé nọ́ńbà wọn ni. Wọ́n á ṣí ìwé ìforúkọsílẹ̀, wọ́n á wo ẹni tó ni ín, wọ́n á sì tẹ fóònù ẹni tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ yín nìyẹn. Wọ́n á bi í pé, "Ṣé bàbá rẹ wà lórí omi lónìí? Ọkọ̀ wo? Ẹni mélòó?" Bó bá ní, "Dádì? Wọ́n á wà nílé ní Ìdí-Àbá," ó lè fa iṣẹ́ sẹ́yìn nìyẹn. Ṣé ẹ rí i, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń dún káàkiri ayé, ìṣìtẹ̀ ni. Ọmọdé fi ṣeré, tàbí ó já bọ́ nínú àpótí. Ìdí tí wọ́n fi ń kọ́kọ́ pe fóònù nìyẹn. Ẹ bi ọmọ yín lálẹ́ òní: ṣé ó forúkọ ẹ̀rọ náà sílẹ̀, nọ́ńbà ta ló kọ? Ọ̀fẹ́ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é.

Ẹ má sì máa retí hẹlikópítà. Ẹni tó máa wá bá yín ni ẹni tó ní ọkọ̀ nítòsí. Sátẹ́láìtì kì í tu ọkọ̀.

Ó wá ku ìbéèrè àkọ́kọ́. Ní aago mẹ́rin àbọ̀, ẹ jàre pátápátá. Ní aago méje, ẹ jẹ̀bi.

Mo mọ̀ pé á dùn yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí i. Ìgbà tí ẹ ka ewu náà, oòrùn wà, omi dákẹ́, ẹ kà á dáadáa, ó jẹ́ òdo. Ẹ wá sọ òdo yẹn sápò. Nígbà tó máa fi di aago méje, ilẹ̀ ti ṣú, ìjì ń bọ̀, ọkùnrin àgbà kan wà nínú ọkọ̀ tí kò wọ jákẹ́ẹ̀tì, àjẹ̀ ti là, ẹ ò tún un kà. Ẹ ṣì ń náwó ìrọ̀lẹ́ lóru. Ẹ ní ìwé sọ pé ewu ikú. Kí wá ni mànàmáná tó ń kọ lápá ìlà oòrùn yẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi, ìtìjú ló di yín lọ́wọ́ mú, ẹ wá fi ìwé bò ó lójú. Ẹni tó bá fi òótọ́ inú tẹ̀ ẹ́, tí ewu wá kọjá, kó pa á, kó sì pè wọ́n pé ó ti bọ́. Àwọn tó mọ̀ọ́mọ̀ fi ń ṣeré lòfin ń bá jà.

Ẹ má sì ní ẹ máa dúró dìgbà tí ọkọ̀ bá dojú dé. Ẹni tí kò wọ jákẹ́ẹ̀tì, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni tirẹ̀ nínú omi. Ohun tó wà lọ́rùn yín ò lè gbé èèyàn léfòó. Ọwọ́ lẹ máa fi gbé e sókè kí eriali rẹ̀ lè kọjú sí ojú ọ̀run, bí omi bá bò ó, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Ta ló máa wá di tíṣà mú? Bátìrì rẹ̀ á gbé wákàtí 24, ó ju ohun tí ẹ nílò lọ, bí ọjọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ò bá tíì kọjá. Ẹ lọ wò ó.

Ẹ́ńjìnì_Láfẹ́nwá

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Ẹ má bú píìnì yẹn o. Iṣẹ́ ẹ̀ ló ṣe. Wọ́n dìídì ṣe é ní rírọ̀, kí òun lè já kí jíà má baà fọ́. Píìnì ò tó nǹkan, àmọ́ jíà á mú yín ta ọkọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ti sọ fún yín pé kí ẹ gé ìṣó sí i. Ẹ má dán an wò. Ìṣó le. Kùkùté tó bá tún tẹ̀lé e, inú ẹ́ńjìnì ló máa fọ́. Ẹ ra ojúlówó píìnì 6 àti kọ́tà píìnì tó ń tì í, ẹ wé wọn sínú ọ̀rá, ẹ fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí ẹ́ńjìnì níbi tí omi ò ti ní bà á. Kí púláyà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bó bá já: ẹ pa ẹ́ńjìnì, ẹ gbé ìdí rẹ̀ sókè, ẹ na ẹsẹ̀ kọ́tà kó tọ́, kí ẹ fà á yọ, ẹ yọ fáánù, ẹ ti àjákù jáde, ẹ ki tuntun bọ̀ ọ́. Ìṣẹ́jú 10. Ẹ dán an wò nílé lórí ilẹ̀ kí ẹ tó ṣe é lórí omi, torí bí kọ́tà bá bọ́ lọ́wọ́ yín sómi, ó di tẹja.

Àmọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù, kò sẹ́ni tó bi yín: ìdákọ̀ró dà? Bàbá, atẹ́gùn gbá yín lọ fún wákàtí mẹ́rin! Bí ẹ bá sọ òkúta tí wọ́n so okùn mọ́ sílẹ̀ ní aago mẹ́rin àbọ̀, ojú ọ̀nà tí àwọn apẹja ń gbà lẹ máa wà, wọ́n á rí yín kí ilẹ̀ tó ṣú. Okùn ìlẹ̀kẹ̀ kọ́ lẹ máa lò o, kó gùn dáadáa, ìlọ́po mẹ́ta mẹ́rin jíjìn omi, kó lè di ilẹ̀ mú.

Ìyá_Ìbejì_Kútọ̀

Gbogbo yín ń sọ sátẹ́láìtì, ẹ ń sọ píìnì. Mámà ilé ńkọ́? Ní aago mẹ́jọ àbọ̀ alẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ni ìyàwó yín mọ̀? "Wọ́n lọ sí Ọ̀yán." Apá ibo lára Ọ̀yán? Adágún yẹn kì í ṣe kòtò ẹ̀yìnkùlé.

Ọkọ mi náà ń wọ omi. Kó tó jáde nílé, á kọ ọ́ sórí ìwé, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì: èbúté tó ti wọ omi, àwọn tó bá a lọ, aago tó máa pè mí. Nọ́ńbà olórí apẹja èbúté náà wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá fi wákàtí kan kọjá, èmi ni mo máa pè. Lọ́jọ́ kan, ó dé èbúté láyọ̀, ó jókòó ti ẹlẹ́mu, ó gbàgbé mi. Àwọn apẹja méjì ti tukọ̀ jáde lọ wá a kó tó rántí. Ó sanwó epo wọn, ó ra ẹmu fún wọn, ó gbọ́ èébú. Láti ọjọ́ yẹn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan ilẹ̀ ni fóònù mi ti ń dún.

Bàbá_Ìdí_Àbá

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹni tó gbá mi létí nínú yín, mo gbà á.

Màkóní, mo pe ọmọ náà lálẹ́ ọjọ́ tí ẹ kọ̀wé. Ó ní, "Dádì, mo ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ láti Disẹ́ńbà." Mo ní kó ṣí i kó kà á fún mi. Ó ṣí i. Ó dákẹ́. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ ni ti fóònù tí wọ́n jí lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní Fẹ́búárì. Kò lò ó mọ́. Àyè ẹnì kejì, òfìfo. Èyí ni pé ká ní mo gbọ́ ti tíṣà, ká ní mo tẹ̀ ẹ́ ní aago mẹ́fà, fóònù olè kan ni wọn ì bá máa pè níbi tí mo jókòó sí tí mò ń retí ìjọba ayé. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó má sunkún, èmi náà tí ọjọ́ orí mi tó báyìí, òkúta tí mo máa so mọ́ okùn ni mi ò rí. A ti tún un ṣe. Nọ́ńbà rẹ̀ tuntun, ti ìyàwó mi, àti ti apẹja tó bú wa. Mo lọ bá ọkùnrin náà ní Ìmálà Odò láti tọrọ nọ́ńbà. Ó bú mi díẹ̀ sí i, ó sì fún mi.

Ẹ́ńjìnì Láfẹ́nwá, mo ti ra píìnì 6. Méjì ti wà nínú ìdérí. Mo dán an wò lórí ilẹ̀ bí ẹ ṣe ní. Ìṣẹ́jú 10 tí ẹ wí, ó gbà mí ní 40, mo sì pàdánù kọ́tà kan sábẹ́ àgbá omi ìyá ilé.

Ìyá Ìbejì, ìyàwó mi ti ka tiyín. Ìwé ti wà lára fíríìjì kí n tó jí.

Lánàá ni mo lọ sílé tíṣà ní Òkè-Ìlẹ̀wó. Mo mú jákẹ́ẹ̀tì tuntun kan lọ, èyí tó ní fèrè lára, mo gbé e lé tábìlì. Mo ní mo jẹ̀bi láti aago méje. Ó ní rárá, láti aago mẹ́fà. A ná an bí ẹni ná tòmátì, a fàbọ̀ sí aago méje ku ìṣẹ́jú 15. Ó wá jẹ́wọ́ pé òun náà jẹ̀bi láti ọdún tó kọjá, nítorí ìdí òun.

Ó wọ jákẹ́ẹ̀tì náà nínú pálọ̀, ó fọn fèrè rẹ̀ tí ọmọ ọmọ rẹ̀ fi bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ló nawọ́ sí ọrùn mi. Ó ní òun á tẹ̀lé wa ní Sátidé, àmọ́ nǹkan yẹn, ọrùn òun ló máa wà. Mo bọ́ ọ fún un. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó wo ọjọ́ tó wà lára bátìrì, ó lọ mú jígí ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé kékeré náà láti ojú ewé kìíní, pẹ̀lú báírò pupa lọ́wọ́.